Mọ́tò Tí Kì í Yọ̀ ní Kọ́nà

Gbàù! Gbàù!

Ìbọn àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà báńkì. Èkejì já àjà lulẹ̀.

"Gbogbo yín, ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, ọ̀run ni yóò ti máa ròyìn ohun tó rí!"

Ní òdìkejì títì, abẹ́ mọ́tò ni Dókítà Ẹsẹ̀ wà. Ó nà gbalaja lórí páálí, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ọ̀sán sì ń lu páànù orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kíkankíkan. Nígbà tó gbọ́ ìró àkọ́kọ́, ó rò pé táyà ló bẹ́.

Ṣùgbọ́n táyà kì í sọ pé kí ènìyàn dojú bolẹ̀.

Kì í ṣe dókítà ilé ìwòsàn o! Ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń tọ́jú: sípíríǹgì, ṣọ́kì, rọ́bà, àti àwọn irin tó so táyà mọ́ ara mọ́tò. Nígbà kan rí, ìyá arúgbó kan tí orúnkún ń dùn wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń dúró de abẹ́rẹ́. Dókítà Ẹsẹ̀ fún un ní omi tútù, ó gbàdúrà fún un, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tòótọ́.

Ó wọ́ jáde lábẹ́ mọ́tò, ó yọjú wo títì.

Mọ́tò dúdú kan dúró síwájú báńkì, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kùn. Vùùm... vùùm... Ó rẹlẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku.

Dókítà Ẹsẹ̀ mọ mọ́tò yẹn, bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ tirẹ̀ láàárín ẹkún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Òun ló ṣe ẹsẹ̀ tó fi ń rìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ jẹ́jẹ́ tó mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Ó ní Ọmọ-Kọ́nà làwọn ọ̀rẹ́ òun ń pe òun.

"Bàbá, nǹkan méjì ni mo fẹ́," ó ní. "Mo fẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú pinpin, kó má yọ̀ tí mo bá tẹná. Mo sì tún fẹ́ kó yí kọ́nà láìtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ọmọ mi, nǹkan méjì yẹn ń bá ara wọn jà. Bí ẹsẹ̀ mọ́tò bá rọ̀, táyà á di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n mọ́tò á tẹ̀ ní kọ́nà bí ọ̀mùtí. Bó bá le, kò ní tẹ̀, ṣùgbọ́n táyà á máa fò lórí gegele bí ewúrẹ́."

"Ẹ bá wọn parí ìjà, bàbá."

Dókítà Ẹsẹ̀ sì bá wọn parí ìjà. Ó wá sípíríǹgì tó kúrú díẹ̀, tó le díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò le jù. Ó wá ṣọ́kì tí ènìyàn lè yí ìdí rẹ̀ kó rọ̀ tàbí kó le. Ó yọ irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì, ó fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, kí ìhà kan má bàa sùn nígbà tí ìhà kejì bá dìde. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbó. Kò sì dè wọ́n típẹ́típẹ́ nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì. Ó dìgbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Ó máa ń sọ pé rọ́bà tí a bá dè nígbà tí kò ru ẹrù, ọjọ́ tó bá ru ẹrù ni yóò ya.

Nígbà tó parí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mọ́tò náà dìde lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

"Ó ti gbọ́ràn," ló sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún un ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, orí bẹ́ǹṣì ni Ọmọ-Kọ́nà ń jókòó sí, ó ń kọjú sí títì. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tù òun lára.

Àṣé báńkì ló ń wò!

Inú báńkì yẹn gan-an ni ìyàwó Dókítà Ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń gbowó, tó ń sanwó.

"Wọ́n ń jáde o!" ẹnìkan kígbe láti inú gọ́tà.

Ọkùnrin gíga kan ló ṣáájú. Apá rẹ̀ wà lọ́rùn obìnrin kan, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì wà létí obìnrin náà. Ẹnì kejì rẹ̀ ń wọ́ àpò owó bọ̀ lẹ́yìn.

"Èmi ni Ọba-Ọ̀nà!" ọkùnrin gíga náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kó má tẹ̀lé mi!"

Ìyá Ìbejì ni obìnrin náà. Ìyàwó Dókítà Ẹsẹ̀!

Ó rí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn mi orí fún un díẹ̀, bó ṣe máa ń mi orí nínú ìjọ bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ tí kò yẹ.

Dókítà Ẹsẹ̀ kò gbà. Ó já wọ títì tòun ti sípánà.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ìyàwó mi ni! Èmi ni kí ẹ mú!"

Ta-ta-ta-ta!

Ọta ìbọn fọ́n omi títì sí i lójú. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì wó sínú gọ́tà.

Gbà! Gbà! Ìlẹ̀kùn mọ́tò pa dé.

Vùùùùm!

Omi kún títì, ṣùgbọ́n táyà kò yọ̀ rárá. Mọ́tò dúdú náà di ilẹ̀ mú, ó ta bí ọfà. Ó dé kọ́nà ilé ìtàwé, kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sósì. Fìrì! Ó ti kọjá.

Bí kì í bá ṣe pé ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, Dókítà Ẹsẹ̀ ì bá pàtẹ́wọ́.

Wíìwóò! Wíìwóò!

Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, ó fọ́n omi sí gbogbo ènìyàn lára. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan yọrí jáde. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Sájẹ́ńtì. Ọlọ́pàá tó ń wa ọkọ̀ fún un, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó rí i kó sáré rí.

"Ta ló rí ibi tí wọ́n gbà?"

Dókítà Ẹsẹ̀ ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kó tó bi í tán.

"Èmi, Màmá! Ìyàwó mi ni wọ́n gbé lọ. Mo mọ mọ́tò yẹn, èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀."

Màmá Sájẹ́ńtì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ọmọ ní ìrìn, àwa la fẹ́ wá máa lé e kiri?" Ó lu orí ọkọ̀. "Jẹ́jẹ́! Lónìí, gbàgbé orúkọ ẹ!"

Wọ́n tú eré.

Kọ́nà ilé ìtàwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ ṣáájú iwájú rẹ̀. Fíììììì! Jẹ́jẹ́ ja sítíà, ó ń làágùn bí ẹni ń gún iyán.

"Màmá, tí mo bá tún sáré ju báyìí lọ, orí la ó fi rìn!"

"Fi rìn! Ṣá ti dé ibẹ̀!"

Níwájú wọn, mọ́tò dúdú náà wọ kọ́nà ilé ìgé-pákó. Bí ẹni ń fi ọwọ́ yí i ló ṣe yí. Ó wọ ìyípo oríta mẹ́rin, ó jáde, kò tilẹ̀ tan iná búrékì.

Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ó ń kéré sí i.

Dókítà Ẹsẹ̀ di irin ìjókòó mú. Gbogbo nǹkan tí mọ́tò yẹn ń ṣe, ó mọ ìdí rẹ̀. Irin gbọọrọ ló jẹ́ kó dúró ṣánṣán yẹn. Ṣọ́kì ló jẹ́ kó balẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí gegele yẹn. Gbogbo ohun tó fi òógùn ojú ṣe ló ń gbé ìyàwó rẹ̀ sá lọ.

Síbẹ̀, ó ń gbàdúrà fún mọ́tò olè.

"Baba, jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú. Má jẹ́ kí bóòtù kankan tú. Má jẹ́ kó dà nù tòun ti ìyàwó mi."

"Àdúrà wo lò ń gbà yẹn?" Màmá Sájẹ́ńtì yíjú sí i. "Ṣé kí wọ́n lọ ni àbí kí a mú wọn?"

"Màmá, mi ò mọ̀ mọ́."

Gbàù! Ọta kan ba gíláàsì iwájú, ó sán bí okùn aláǹtakùn.

"Ẹ jẹ́ ká rọra," Dókítà Ẹsẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Bí a ò bá lé wọn, wọn ò ní sáré."

"Bí a ò bá lé wọn, ibo la ti fẹ́ rí i?"

Dókítà Ẹsẹ̀ tún di irin ìjókòó mú. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni gbé iná mì tí omi sì jìnnà.

Wọ́n yọ sí ojú títì gígùn. Mọ́tò dúdú ò sí mọ́. Òjò nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà náà ni fóònù Dókítà Ẹsẹ̀ dún.

Nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ìyá Ìbe..."

Pá! Ọwọ́ Màmá Sájẹ́ńtì ti bò ó lẹ́nu. Ó fi orí rẹ̀ ti orí Dókítà Ẹsẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ó ṣẹ́jú sí Jẹ́jẹ́ pé kó pa fèrè ọkọ̀.

Nínú fóònù náà, wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, wọ́n gbọ́ aṣọ tó ń ha nǹkan. Inú àpò síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́. Olúwa ló mọ bó ṣe rí i tẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ rí nǹkan?" Ohùn Ọmọ-Kọ́nà ni, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ rí bó ṣe gba oríta yẹn? Àwọn ọlọ́pàá á ti máa wá wa nínú kòtò!"

"Ta ló so òǹdè oògùn mọ́ sítíà?" Ohùn Ọba-Ọ̀nà nìyẹn. "Ṣé ìwọ lo so ó?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí bàbá yẹn ṣe sí i..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Sípánà wo ló ń mú mọ́tò yí kọ́nà nínú òjò? Oògùn mi ni! Ẹni tó fún mi, ó ní ohunkóhun tí mo bá so ó mọ́, kò ní yọ̀, kò ní ṣubú. Ìwọ ṣáà máa tẹná."

"Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn Ìyá Ìbejì gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. "Kí la wá ṣe lábẹ́ afárá? Ta ló ni bọ́ọ̀sì funfun yìí?"

Màmá Sájẹ́ńtì gbé ojú sókè.

"Abẹ́ afárá. Bọ́ọ̀sì funfun," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Obìnrin yìí gbọ́n ju gbogbo ọlọ́pàá mi lọ. Jẹ́jẹ́, forí lé afárá!"

"Obìnrin, ariwo ẹ ti pọ̀ jù! Wọlé!"

Wọ́n gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ń ṣí. Wọ́n gbọ́ tí Ọmọ-Kọ́nà ń bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa fi mọ́tò wa lọ. Kò sí ọkọ̀ tó lè bá a."

"Gbogbo ayé ti rí i. Ohun tí wọ́n bá rí, a kì í gùn ún délé. Bọ́ sí bọ́ọ̀sì! Kí ọlọ́pàá má sì fi èyí lé wa."

Gbàù! Gbàù! Gbàù! Gbàù!

"Ọ̀gá! Ẹ má yìnbọn sí i!" Ọmọ-Kọ́nà kígbe bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún ọmọ rẹ̀.

Dókítà Ẹsẹ̀ pa ojú dé.

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ afárá, mọ́tò dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ràkúnmí tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Okùn òǹdè tí wọ́n já ṣì ń fì lára sítíà rẹ̀.

"Ọ̀nà òkè ni wọ́n gbà," Màmá Sájẹ́ńtì ní. Ipa táyà bọ́ọ̀sì hàn gbangba lórí ẹrẹ̀.

Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ìbọn ló ń ba Dókítà Ẹsẹ̀. Ìsinsìnyí ni ẹ̀rù mìíràn mú un. Níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú mọ́tò dúdú, ó mọ̀ pé kò ní dà nù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é.

Ta ló de bọ́ọ̀sì?

Ó gbé fóònù sétí, ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Gbọ̀ọ̀... gbọ̀ọ̀... gbọ̀ọ̀... Ìró yẹn ti tó fún un. Ṣọ́kì ẹ̀yìn ti kú, méjèèjì. Rọ́bà ti jẹ tán, irin ń lu irin. Bọ́ọ̀sì gíga, ẹsẹ̀ rírọ̀, òjò, àti ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, yóò dà nù."

"Kí ló máa dà nù?"

"Bọ́ọ̀sì yẹn. Kọ́nà kan ń bẹ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ibẹ̀ lèmi àti ọmọ yẹn ti dán mọ́tò dúdú wò. Eré tó bá a lára mu níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ò lè sá ìdajì rẹ̀. Màmá, ẹ bá mi dá wọn dúró!"

"Pẹ̀lú kí ni, ọmọ mi?" Ohùn Màmá Sájẹ́ńtì rọ̀. "Àwa gan-an ò tíì rí wọn."

Nínú fóònù, Ọmọ-Kọ́nà ń sọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rọra. Ọkọ̀ yìí ga. Ó ń mì tìtì."

"Kí ni mo so mọ́ sítíà yìí?"

"Òǹdè, Ọ̀gá."

"Òǹdè kan náà tàbí òmíràn?"

"Òun kan náà ni."

"Nígbà náà, kí ló yàtọ̀? Tẹ̀ ẹ́!"

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Bàbá yẹn sọ fún mi pé..."

"Ṣé o fẹ́ bú oògùn mi ni?" Irin dún kẹ́rẹ́. Ó ti kọ́ ìbọn. "Bí o ṣe wa mọ́tò dúdú ni kí o wa èyí. Bí mo bá rí ẹsẹ̀ ẹ lórí búrékì, màá tú orí ẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbejì nílé," Ìyá Ìbejì ń sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbikíbi."

Ẹnì kẹta wọn, ẹni tó wọ́ àpò owó, dá sí i. "Ọ̀gá, òótọ́ ni pé ó ń mì o."

"Ìwọ náà?"



Màmá Sájẹ́ńtì mú ìka sí ẹnu, ó ń mi orí fún Dókítà Ẹsẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò mọ̀ pé fóònù wà lára rẹ̀. Wọ́n lè pa á lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kọ́nà ń bọ̀.

Ọkùnrin tó ń bá sípíríǹgì àti ṣọ́kì parí ìjà kò mọ èyí tí yóò yàn. Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì náà ké sókè. Wọ́n ti gun òkè tán. Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ó ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu fóònù, ó fi gbogbo ẹ̀dọ̀ fóóró kígbe:

"Ọmọ-Kọ́nà! Tẹ búrékì kó o tó yí! Kó o tó yí o! Ìyá Ìbejì, dùbúlẹ̀! Di ẹsẹ̀ ìjókòó mú! Dùbúlẹ̀!"



"Ta nìyẹn?" Ọba-Ọ̀nà ní. "Obìnrin yìí, fóònù wà lára ẹ? Gbé e wá!"

Nǹkan ha, nǹkan já. Lẹ́yìn náà, ohùn olè náà sún mọ́ etí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó tì í.

"Dókítà! Ṣé ìwọ nìyẹn? O kú iṣẹ́ o! Wàá rí bí mo ṣe máa gba kọ́nà yìí láìsí sípánà ẹ!"

Fììììì... Afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, pó!

Ó ti ju fóònù náà síta. Kò kú. Ó ń bẹ níbì kan nínú koríko, òjò ń rọ̀ lé e.

Ìró òjò yẹn nìkan ni Dókítà Ẹsẹ̀ ń gbọ́.

"Tan fèrè!" Màmá Sájẹ́ńtì pàṣẹ. "Kò sí ohun tí a tún ń pa mọ́."

Wíìwóò! Wíìwóò!

Dókítà Ẹsẹ̀ kò gbé fóònù kúrò létí. Kò lè gbé e kúrò. Ó ń dúró de ohùn kan, ohùn yòówù kó jẹ́. Àwọn àdúrà tó mọ̀ láti kékeré sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: "Olúwa, jọ̀ọ́. Olúwa, jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nǹkan nínú fóònù.

Fèrè ni. Láti ọ̀nà jíjìn ló kọ́kọ́ dún, ó sì ń sún mọ́ tòsí. Ọkàn rẹ̀ fò sókè! Àwọn ọlọ́pàá mìíràn ti dé ọ̀dọ̀ wọn!

Fèrè náà sún mọ́ ọn. Ó dé. Ó kọjá. Ó ń lọ.

Ìgbà yẹn ló yé e. Fèrè tiwọn ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára fóònù ìyàwó rẹ̀ nínú koríko ni.

Wọ́n yọ sí kọ́nà ibi ìfọ́-òkúta.

"Yéè!" Jẹ́jẹ́ tẹ búrékì.

Bọ́ọ̀sì funfun náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Táyà rẹ̀ kan ṣì ń yí lófo. Owó bébà kún ojú ọ̀nà, òjò lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọba-Ọ̀nà ti ta jáde láti ojú gíláàsì iwájú. Ó wà lórí orúnkún nínú ẹrẹ̀, òǹdè rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ìbọn wà lọ́wọ́ kejì. Ó fẹnu kan òǹdè náà, ó pariwo:

"Ọta kì í mú mi! Mọ́tò kì í gbé mi ṣubú!"

"O ti ṣubú ná!" Màmá Sájẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀, ìbọn rẹ̀ dúró ṣinṣin. "Jù ú sílẹ̀!"

Ọba-Ọ̀nà gbé ìbọn sí i láyà, ó fà á.

Kẹ́.

Ó tún fà á. Kẹ́. Ọta tó kù ló ti yìn sí táyà mọ́tò dúdú.

Òǹdè tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ so, báwo ni yóò ṣe gba ẹni tó so ó?

"Ọba-Ọ̀nà," Màmá Sájẹ́ńtì ní, "ọ̀nà ti parí." Ó de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kẹta wọn ti jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó káwọ́ lérí fúnra rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Dókítà Ẹsẹ̀ kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Ó ti sáré dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Ìbejì! Ìyá Ìbejì!"



Láti inú iwájú ọkọ̀, Ọmọ-Kọ́nà ló dáhùn. Sítíà ti há a mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

"Bàbá, mo gbọ́ yín. Mo tẹ búrékì kí n tó yí. Ọ̀gá ló fa sítíà mọ́ mi lọ́wọ́."

Dókítà Ẹsẹ̀ tẹ̀ ba, ó wo ojú fèrèsé tó fọ́. Ó rí ìjókòó tó wó lé ara wọn. Ó rí ọwọ́ kan tó yọ lábẹ́ wọn. Òrùka ìgbéyàwó wà níbẹ̀.

Ọwọ́ náà kò mì.

"Jáàkì!" ó kígbe. "Ẹ fún mi ní jáàkì!"

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ méjèèjì lófo. "Kò sí jáàkì lọ́kọ̀ wa, Dókítà. Ó pẹ́ tí a ti ń béèrè."

Ọkùnrin tó ń gbé mọ́tò sókè lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ki èjìká bọ abẹ́ òrùlé bọ́ọ̀sì, ó tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó dìde, ó tún tì í. Ó tún yọ̀. Jẹ́jẹ́ bá a tì í. Bọ́ọ̀sì kò mira.

Ìgbà yẹn làwọn tó ń fọ́ òkúta dé, wọ́n ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn. Wọ́n ti gbọ́ nígbà tó dún gbìì.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Ìyàwó mi ni! Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ẹ kúrò, bàbá! Ẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́!"

Wọ́n tì í sẹ́yìn. Kò sí ohun tó tún lè ṣe, àfi kó dúró nínú òjò, kó sì máa wo àwọn àjèjì tó ń gbé ohun tó wó lé ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá! Gbé e! Ó tún yá! Gbé e!"

Irin ké. Bọ́ọ̀sì dìde díẹ̀. Ẹnìkan wọ́ wọlé, ó dojú bolẹ̀.

"Ó ń mí! Ó ń mí o!"

Wọ́n fà á jáde. Ó dì rọ̀bìtì lórí koríko, apá rẹ̀ kan ti kán, ètè rẹ̀ bẹ́. Ó la ojú.

"Ta ló lọ mú àwọn ìbejì nílé ìwé?"

Màmá Sájẹ́ńtì, tó dúró ti olè rẹ̀ lọ́hùn-ún, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú rẹ̀. "Màá rán ènìyàn, ọmọ mi. Màá rán ènìyàn báyìí."

Dókítà Ẹsẹ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò mọ ibi tí ó lè fọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kò ní dùn ún.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ ní, "mo gbọ́ ohùn yín nínú bọ́ọ̀sì yẹn."

"O gbọ́ mi? O gbọ́ pé kí o dùbúlẹ̀?"

Ó mi orí díẹ̀.

"Rárá. Ohùn yín nìkan ni mo gbọ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Ó mí kanlẹ̀. "Kí lẹ sọ?"

Dókítà Ẹsẹ̀ la ẹnu. Ó pa á dé.

Ó tún la ẹnu. Òjò wọ̀ ọ́. Ó pa á dé, ó sì di ọwọ́ tó kù fún un mú.